Akítọ̀ Kì í Kú

Ọkùnrin Ṣáínà kan ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ìgbéyàwó àbúrò ọkọ mi jẹ́. Ọkùnrin náà ò mọ̀ wá rí, a ò mọ̀ ọ́n rí, kò sì ṣẹ̀ wá. Gbogbo ohun tó ṣe kò ju pé ó kú nínú fíìmù kan, tàbí pé kò kú, nígbà tí èmi ṣì ń lọ sí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìkirè. Torí ìyẹn ni àwọn àgbàlagbà ọkùnrin méjì ṣe pa ìwé tí wọ́n kà àti iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe tì nílùú Johannesburg, tí wọ́n kọjú ìjà síra wọn. Àwọn àgbà ní àgbò méjì kì í mumi nínú koto kan. Wọn ò sọ fún wa ẹni tí yóò máa nu omi tó bá dà sílẹ̀. Èmi ni.

Fèyíkẹ́ ni mí. Mò ń ta irun àti wíìgì nínú ṣọ́ọ̀bù kan ní Joubert Park, níbi tó jẹ́ pé bí o bá ju òkúta, orí ẹni tó ń tajà ni yóò bà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ni ọkọ mi, Túbọ̀sún Ọ̀ṣúndáre, ti ń fi kásẹ́ẹ̀tì fídíò háyà fún àwọn èèyàn. Fúláàtì tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù la ń gbé, èmi, òun, Bùkúnmi ọmọ wa tí kò tíì rìn, àti Àbísóyè, àbúrò rẹ̀ obìnrin. Èmi kì í pè é ní Àbísóyè o. Ìyàwó kì í pe ọmọ ilé ọkọ lórúkọ, bó ti wù kó kéré tó. Arẹwà ni mò ń pè é, ó sì ń jẹ́ ẹ kíákíá, torí ó mọ̀ pé òun rẹwà lóòótọ́. Bàbá àti ìyá wọn ti kú. Délé, ẹ̀gbọ́n wọn àgbà, ti kú tipẹ́ kí n tó mọ ẹnikẹ́ni nínú wọn. Nítorí náà ọkọ mi ni bàbá, òun ni ẹ̀gbọ́n, òun náà ni mọ̀lẹ́bí. Ẹni tó bá fẹ́ fẹ́ Arẹwà, ọwọ́ rẹ̀ ni yóò ti gbà á.

Ọkọ mi kì í ṣe èèyàn burúkú. Kì í mutí, kì í na èèyàn, ó sì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kí n sọ ẹ̀sìn tó ń ṣe gan-an, fíìmù Ṣáínà ni. Lójú tirẹ̀, oríṣi èèyàn méjì péré ló wà láyé: Akítọ̀ àti Bọ́ọ̀sì. Bọ́ọ̀sì ló máa ń pa bàbá Akítọ̀ níbẹ̀rẹ̀ fíìmù. Akítọ̀ á sá lọ sórí òkè, á lọ kọ́ ìjà lọ́dọ̀ bàbá arúgbó onírùngbọ̀n funfun, á máa pọnmi títí èjìká rẹ̀ á fi bó, á wá sọ̀ kalẹ̀ wá gbẹ̀san. Òfin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: Akítọ̀ kì í kú. Gbogbo ọmọ tó wo sinimá l'Ékòó láyé ìgbà yẹn ló mọ òfin yìí, ṣùgbọ́n àwọn yòókù dàgbà, wọ́n gbàgbé ẹ̀. Ọkọ tèmi gbé e wọ ọkọ̀ òfuurufú wá sí South Africa.

Nínú gbogbo fíìmù Ṣáínà, ọ̀kan wà tó fi ṣe olórí. Ẹ̀san Ọmọ Alágbẹ̀dẹ ni orúkọ tí àwọn ará Èkó sọ ọ́. Èyí tí àwọn tó ṣe é sọ ọ́, Ọlọ́run ló mọ̀. Ọkọ mi ní òun wò ó ní sinimá kan ní Ìdúmọ̀tà, òun àti Délé, nígbà tí òun ṣì wà ní kékeré. Mo ti gbọ́ ìtàn náà débi pé mo lè fi kọ́ Bùkúnmi ní a b d. Bọ́ọ̀sì fẹ́ gba ilẹ̀ alágbẹ̀dẹ, alágbẹ̀dẹ kọ̀, Bọ́ọ̀sì fi òòlù rẹ̀ pa á. Ọmọ rẹ̀ gbé òòlù náà sá lọ sórí òkè. Nígbà tó padà, ó ká Bọ́ọ̀sì mọ́ inú àgbẹ̀dẹ bàbá rẹ̀, wọ́n jà títí, ó pa á. Ṣùgbọ́n Bọ́ọ̀sì ti fi ọ̀kọ̀ gún òun náà níhà. Akítọ̀ ṣubú. Gbogbo ayé rò pé ó parí. Ibi yìí ni ọkọ mi máa ń dìde lórí àga. Á ní, "Ó dìde, Fèyíkẹ́. Ó gbọnra nù, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń lọ sílé."

Ohun kan máa ń yà mí lẹ́nu nínú ìtàn yẹn. Bí ẹ bá ní kó sọ bí ariwo ṣe ta nínú sinimá lọ́jọ́ náà, yóò sọ ọ́ fínnífínní: bí àwọn èèyàn ṣe ń fẹsẹ̀ janlẹ̀, bí ẹnì kan ṣe ń súfèé, bí ìyá ẹlẹ́pà tó wà lẹ́nu ọ̀nà ṣe ń bú àwọn tó ń ti igbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi í pé irú aṣọ wo ni Akítọ̀ wọ̀, á ní, "Aṣọ Ṣáínà." Mo kà á sí ìwà ọkùnrin. Ẹni tí kò rántí àwọ̀ aṣọ tí mo wọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa, ṣé ti Akítọ̀ ni yóò wá rántí?

Jìmí ni ẹni tó fẹ́ fẹ́ Arẹwà. Ẹnjiníà ni, ọmọ Iléṣà, ó ń ṣiṣẹ́ ní Midrand nínú ọ̀kan lára àwọn ọ́fíìsì onígíláàsì tí wọ́n kọ́ sáàárín koríko. Ọmọ dáadáa ni, àléébù kan ló ní: kì í purọ́. Mi ò sọ pé kì í pa á púpọ̀. Mo ní kì í pa á rárá. Bí o bá bi í pé ṣé ọbẹ̀ dùn, yóò kọ́kọ́ rò ó wò. Arẹwà ní ìyẹn ló jẹ́ kí òun fẹ́ràn rẹ̀. Mo ní ó dáa, ká máa wò ó títí wọn á fi bímọ méjì.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó wá fojú hàn, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó gbé èso wá, ó jẹ ìrẹsì àti adìyẹ mi, ó sì sọ pé iyọ̀ fẹ́ pọ̀ díẹ̀. Mo dárí jì í. Ọkọ mi ń bi í nípa àwọn òbí rẹ̀, Arẹwà jókòó, ó ń wo ilẹ̀ bíi pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ òun ni wọ́n ń sọ. Gbogbo nǹkan ń lọ déédéé títí Jìmí fi gbójú sókè tó rí pósítà tí ọkọ mi lẹ̀ mọ́ ògiri pálọ̀. Akítọ̀ ló wà níbẹ̀, ó na òòlù sókè. Pósítà náà ti gbó, ibi tí ojú Akítọ̀ wà ti ya dànù.

"Háà, Ẹ̀gbọ́n, ẹ mọ fíìmù yìí," ni Jìmí wí. "A wò ó ní Ifẹ̀, nígbà tí mo wà ní yunifásítì. Ó dùn mí o, bí Akítọ̀ ṣe kú nígbẹ̀yìn yẹn."

Ọkọ mi gbé ife omi ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

"Ta ló kú?" ni ọkọ mi bi í.

"Akítọ̀, sà. Lẹ́yìn tó pa Bọ́ọ̀sì tán."

"Bóyá fíìmù mìíràn lo wò, àbúrò."

"Òun náà ni, sà. Ọmọ alágbẹ̀dẹ. Ọ̀kọ̀ yẹn ti wọlé jù. Inú àgbẹ̀dẹ bàbá ẹ̀ ló kú sí."

"Akítọ̀ kì í kú," ni ọkọ mi wí. Ó rọra sọ ọ́ bí ẹni ń kọ́ ọmọdé ní àdúrà.

Ẹni tó ní làákàyè ì bá bu omi mu níbẹ̀. Jìmí rò ó wò, bó ṣe rò ti ọbẹ̀ mi.

"Eléyìí kú, sà," ló wí.

Ọkọ mi dìde. Ó ní òun fi ojú òun méjèèjì wo fíìmù náà, Délé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Ó ní ẹni tó bá sọ pé Akítọ̀ kú ti pe òun ní òpùrọ́, ó ti pe òkú ọ̀run pẹ̀lú ní òpùrọ́. Ó ní òun ò lè fa àbúrò òun lé òpùrọ́ lọ́wọ́. Jìmí ní òun ò pe ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀, ohun tí òun rí ni òun sọ. Ó tún dọ̀bálẹ̀, ó sì lọ. Èso tó gbé wá wà lórí tábìlì. Mo bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan nínú rẹ̀ jẹ torí inú ń bí mi.

Lọ́jọ́ kejì mo fóònù Jìmí ní ọ́fíìsì.

"Jìmí, kí ló máa gbà lọ́wọ́ ẹ láti sọ pé kò kú?"

"Eish, Àǹtí. Tí mo bá bẹ̀rẹ̀ báyìí, ibo la máa bá a dé? Lọ́la wọ́n á ní kí n sọ pé bíríìjì tí ò lágbára lágbára."

"Ta ló ń sọ̀rọ̀ bíríìjì? Ará Ṣáínà tó ti gba owó iṣẹ́ ẹ̀, tó ti lọ sílé lọ jẹun, là ń sọ."

"Mo mọ̀, Àǹtí. Ṣùgbọ́n ó kú."

Mo gbé fóònù kalẹ̀, mo kọjá sí ṣọ́ọ̀bù kejì, mo bẹ ọkọ mi. Mo ní, "Bàbá Bùkúnmi, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kó kú. Ẹ jẹ́ kó kú lẹ́ẹ̀kan yìí, torí Arẹwà." Ó wò mí bíi pé mo ní kí ó lọ gún èèyàn pa. Ó ní Akítọ̀ ò kú, òun ò sì fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà mọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù òun. Ó wá yíjú sí oníbàárà kan, ó fún un ní fíìmù tí èèyàn bí ogójì ti kú.

Arẹwà sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Nígbà tó sun ún tán, ó bọ́jú, ó jáde sí pálọ̀, ó kúnlẹ̀ níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jẹ́ ká wá fíìmù yẹn, ká jọ wò ó. Tó bá kú, ẹ jẹ́ kí n fẹ́ Jìmí. Tí ò bá kú, mi ò ní fẹ́ ẹ mọ́. Mi ò sì ní dá yín lẹ́bi."

Ọkọ mi gbà. Báyìí ni wọ́n ṣe sọ ẹ̀mí ará Ṣáínà di owó orí ìyàwó. Nígbà tí a wọ yàrá, mo bi Arẹwà pé ṣé ó mọ ohun tó fi lélẹ̀ yẹn. Ó ní, "Jìmí ò purọ́ fún mi rí." Ẹ̀rù bà mí fún un. Èmi mọ̀ pé èèyàn lè má purọ́ kó sì ṣe àṣìṣe.

Wíwá fíìmù náà wá di iṣẹ́. Mo kọ́kọ́ bi ọkọ mi pé báwo ni onífídíò bíi tirẹ̀ ṣe wà tí kò ní fíìmù tó fẹ́ràn jù láyé. Ó ní òun ò wá a rí, pé ohun téèyàn ti mọ̀ tán, kí ló tún ń wá nínú ẹ̀? Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀.

A bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Fíìmù náà ní orúkọ ju gbájúẹ̀ lọ. Ẹnì kan ta kásẹ́ẹ̀tì kan fún wa tó ń jẹ́ Òòlù Ikú. Òun náà ni. Nígbà tí Akítọ̀ jáde, ọkọ mi ní, "Ta nìyẹn?" Mo ní ẹni tí a torí ẹ̀ lé àna wa lọ ni. Ó ní òun mọ̀, pé ó jọ pé ojú ẹ̀ ló ṣú. Kásẹ́ẹ̀tì náà kò sì dé ìdajì tó fi dá, tí eré bọ́ọ̀lù tí ẹnì kan ti gbà sórí ẹ̀ tẹ̀ lé e. Ọkọ mi tún ra òmíràn tó ń jẹ́ Akọni Inú Iná. Òun náà ni, páálí rẹ̀ ló yàtọ̀; ó dá síbi kan náà, bọ́ọ̀lù kan náà ló tẹ̀ lé e. Nígbà tó gbé ẹ̀kẹta wálé, tí wọ́n kọ Ọmọ Òrukàn sí i lára, mo bi í bóyá àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù náà ti jẹ góòlù báyìí.

Oníbàárà kan ló sọ fún wa nípa Ọ̀gbẹ́ni Moosa, bàbá Íńdíà kan ní Mayfair tó ti ní gbọ̀ngàn sinimá rí, tó sì ń pín fíìmù fún àwọn gbọ̀ngàn kéékèèké láyé àtijọ́. Lọ́jọ́ Sátidé, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọ mọ́tò Jìmí. Ọkọ mi jókòó níwájú, Jìmí ń wakọ̀, kò sì sẹ́ni tó bá ẹnì kejì sọ̀rọ̀ títí ọkọ mi fi ní, "Róbọ́ọ̀tì ti pupa." Róbọ́ọ̀tì ni wọ́n ń pe iná ojú pópó níbẹ̀. Jìmí ní òun rí i. Inú mi dùn pé ohun kan wà tí wọ́n jọ rí.

Gbọ̀ngàn Ọ̀gbẹ́ni Moosa ti di ibi tí wọ́n ń kó kápẹ́ẹ̀tì sí, àmọ́ ẹ̀rọ sinimá ṣì wà lókè, wọ́n fi aṣọ bò ó. Bàbá náà fẹ́ràn kéèyàn ní kó ṣí i. Ó gbé fíìmù náà jáde nínú agolo ńlá, ó fẹnu fẹ́ eruku ara rẹ̀, ó tanná sí i, a sì jókòó lórí kápẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ká. Bọ́ọ̀sì pa alágbẹ̀dẹ. Ọmọ rẹ̀ gbé òòlù sá gun òkè. Ó pọnmi, ó pọnmi, ó tún pọnmi. Arẹwà di ọwọ́ mi mú. Akítọ̀ dúró sétí òkè, ó wo ìlú nísàlẹ̀, ó di òòlù mú, orin ta. Ọ̀rọ̀ wá hàn gàdàgbà pé ó parí, iná sì tàn.

"Ó kù," ni ọkọ mi wí.

"Kò kù," ni Ọ̀gbẹ́ni Moosa wí. "Tiyín ò ju ibẹ̀ yẹn lọ."

Ó ṣàlàyé fún wa bí ẹni ń dárúkọ oríṣi kápẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí fíìmù náà dé South Africa, àwọn tí ìjọba gbé iṣẹ́ gígé fíìmù fún jókòó, wọ́n wò ó. Wọ́n ní kí àwọn aláwọ̀ funfun wò ó tán, kò lè ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Fún àwọn ará Íńdíà, wọ́n yọ ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti pọ̀. Nígbà tó kan àwọn dúdú, wọ́n ní ọmọ òṣìṣẹ́ tó gbé òòlù dojú kọ ọ̀gá, ìyẹn ò dáa lójú. Wọ́n bá dá Akítọ̀ dúró sórí òkè. Wọ́n tún yọ ẹ̀san kúrò lára orúkọ rẹ̀, wọ́n ń pè é ní Ọmọ Alágbẹ̀dẹ lásán, bíi fíìmù tí wọ́n fi ń kọ́ èèyàn níṣẹ́ ọwọ́. Èyí tí wọ́n ń gbé lọ sí Soweto ló kù sí i lọ́wọ́.

"Kí làwọn èèyàn ṣe nígbà tí iná tàn?" ni Jìmí bi í.

"Wọ́n jókòó. Wọ́n rò pé apá kejì ń bọ̀." Bàbá náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Àwọn kan ṣì ń retí ẹ̀."

Gbogbo South Africa ló ń retí ìdìbò àkọ́kọ́ tí àwọn dúdú yóò dì lọ́dún náà, nítorí náà mi ò rí nǹkan fi kún un.

Ṣùgbọ́n inú ọkọ mi ti dùn. Ó yíjú sí Jìmí. "Ṣé o rí i báyìí? Wọ́n máa ń gé e. Èyí tó o wò ní Ifẹ̀, wọ́n ti gé e. Ibi tó ti dìde ni wọ́n gé kúrò."

"Rárá, sà," ni Jìmí wí. "Èyí tá a wò, orin ìparí wà níbẹ̀, orúkọ àwọn tó ṣe é wà níbẹ̀. Wọn ò gé nǹkan kan."

Mo wo Ọ̀gbẹ́ni Moosa, Ọ̀gbẹ́ni Moosa wò mí. Ó ní kí wọ́n má jà lórí kápẹ́ẹ̀tì òun. Ó ní àwọn kan ní London ti wá àjákù fíìmù náà káàkiri ayé, wọ́n rán an pọ̀, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún gbé e jáde ní fídíò, wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà sára páálí rẹ̀ pé kò sí ibi tí àwọn gé. Ẹnì kan ní ọ́fíìsì Jìmí fẹ́ lọ sí London. Jìmí ní òun máa ní kó bá òun rà á. Ọkọ mi ní kó rà á o.

Láàárín ìgbà tí a ń retí kásẹ́ẹ̀tì náà, Arẹwà rù. Mo rò pé òun nìkan ni ara ń ni. Ìgbà tó yá ni mo rí i pé ọkọ mi náà kì í jẹun tán mọ́. Fọ́tò Délé wà lórí tẹlifíṣọ̀n wa, ọmọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wọ aṣọ ilé ìwé, tí ọrùn aṣọ náà tóbi jù ú lọ. Ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í nu fọ́tò náà láràárọ̀. Ẹni tí kì í nu bàtà ara rẹ̀.

Kásẹ́ẹ̀tì dé. Lọ́jọ́ Ìsinmi lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, Jìmí gbé e wá, ó dọ̀bálẹ̀, ó jókòó sórí àga tó sún mọ́ ilẹ̀kùn jù. Kò sí ìrẹsì lọ́jọ́ náà. Mo ki kásẹ́ẹ̀tì bọ inú ẹ̀rọ, mo gbé páálí rẹ̀ sórí tábìlì. A wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀: ikú alágbẹ̀dẹ, òkè, omi pípọn. Ó kọjá ibi tí bọ́ọ̀lù ti ń bẹ̀rẹ̀. Ó kọjá ibi tí àwọn ará Soweto bá a dé. Akítọ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ìjà náà dùn, mi ò ní purọ́. Mo gbàgbé ohun tí a ń torí ẹ̀ wò ó. Bọ́ọ̀sì fi ọ̀kọ̀ gún un níhà, Akítọ̀ fi òòlù fọ́ Bọ́ọ̀sì lórí, Bọ́ọ̀sì ṣubú. Akítọ̀ náà ṣubú.

Kò dìde. Ó wọ́ lọ sídìí iná àgbẹ̀dẹ, ó gbé òòlù sí ibi tí bàbá rẹ̀ máa ń gbé e sí, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Iná náà ń kú lọ. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, kò sì ṣẹ́ ẹ mọ́. Orin kọ títí ó fi rọlẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, orúkọ àwọn tó ṣe é sì kọjá.

Jìmí ò yọ̀, mo gbóríyìn fún un lórí ìyẹn. Arẹwà ti rí ọkọ fẹ́, ṣùgbọ́n ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń wò. Ọkọ mi ní kí n dá a padà sẹ́yìn. Mo dá a padà, Akítọ̀ tún kú. Ó ní kí n tún dá a padà.

"Bàbá Bùkúnmi," ni mo wí.

"Mi ò wọlé," ló wí.

"Wọ ibo?"

"Inú sinimá yẹn. Owó ẹnì kan la ní. Délé ló wọlé. Èmi dúró síta lọ́dọ̀ ìyá ẹlẹ́pà."

Mo wá rántí ariwo tó máa ń sọ, àwọn tó ń fẹsẹ̀ janlẹ̀, ẹni tó ń súfèé. Òde ló ti gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Kò wo ẹnikẹ́ni nínú wa. Fọ́tò ló kọjú sí. "Délé sọ ọ́ fún mi láti Ìdúmọ̀tà títí dé Mushin. Ẹsẹ̀ la fi rìn. Ó ń ta ìpá, ó fi igi ṣe òòlù. Gbogbo ẹ̀ ni mo rí bíi pé mo wà níbẹ̀. Fòníkú-fọ̀ladìde ló ń ṣe Délé. Dókítà ti sọ fún bàbá wa pé kò ní pẹ́ láyé, a ò mọ̀ pé òun náà gbọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń gbé e lọ sí ọsibítù kẹ́yìn, mò ń sunkún. Ó ní kí ló ń pa mí lẹ́kún, ṣé mo ti gbàgbé fíìmù yẹn ni. Ó ní, ṣebí ó ṣubú, tí gbogbo wọn rò pé ó ti parí, ṣebí ó dìde. Ó ní Akítọ̀ kì í kú." Ó nawọ́ sí fọ́tò náà. "Ó ti wò ó. Ó mọ̀ pé Akítọ̀ kú."

Arẹwà bú sẹ́kún. Ó kéré jù nígbà ikú Délé, kò mọ̀ ju fọ́tò yẹn lọ. Àánú ọkọ mi ṣe mí, ó ṣe mí gan-an, ojú sì tì mí fún gbogbo yẹ̀yẹ́ tí mo ti fi í ṣe.

Jìmí ti borí. Ohun tó kù fún un kò ju kó dákẹ́ lọ, ká ṣe àdúrà, kó lọ múra ìyàwó. Ó dìde kúrò lórí àga, ó lọ lóṣòó síwájú tẹlifíṣọ̀n.

"Àǹtí, ẹ dá a padà díẹ̀," ló wí. Mo dá a padà. "Ẹ gbọ́ orin yẹn, Ẹ̀gbọ́n. Ṣé ẹ gbọ́ ọ? Ó dá lójijì. Orin kì í dá báyẹn. Wọ́n gé nǹkan níbẹ̀, sà."

Páálí kásẹ́ẹ̀tì wà lórí tábìlì, ó kọjú sókè, ohun tí wọ́n kọ sí i ń wo gbogbo wa lójú. Arẹwà nawọ́, ó da ojú rẹ̀ dé.

"Ìwọ lo ní wọn ò gé nǹkan kan," ni ọkọ mi wí.

"Mo ṣì í sọ ni, sà." Òógùn ti bo iwájú orí Jìmí. Kò mọ̀ ọ́n ṣe, kò ṣe é rí. "Mo ti wá rántí ti Ifẹ̀. Wọ́n mú iná lọ nígbà tó kù díẹ̀ kó parí. Ìgbà tí wọ́n máa dá a padà, ó ti… ó ti ń dìde."

"O rí i?"

"Mo rí i, sà. Ó gbọnra nù." Ó fọwọ́ nu òógùn náà. "Ó rẹ́rìn-ín músẹ́."

Ọkọ mi wò ó, ó wò ó pẹ́. Ẹni tó ń fi fídíò háyà mọ ìgbà tí orin dá àti ìgbà tó tán. Ó nawọ́ sí Jìmí, ó fà á dìde nílẹ̀.

"Kọ̀wé sáwọn èèyàn ẹ ní Iléṣà," ló wí. "Kí wọ́n wá tọrọ ọmọ wa."

Nígbà tí ọmọkùnrin yìí ń sọ òótọ́, òpùrọ́ la pè é, a sì lé e jáde. Ọjọ́ tó pa irọ́ àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, irọ́ tí Bùkúnmi lè já, ọjọ́ náà la fún un níyàwó. Bí ẹ bá ní ọmọkùnrin tí ẹ ń kọ́ ní òótọ́ sísọ, ẹ rora kọ́ ọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, lẹ́yìn tí Jìmí lọ, mò ń fọ abọ́ nínú kíṣìnnì. Ọkọ mi wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé Bùkúnmi sápá.

"Fèyíkẹ́, orin yẹn. Ṣé ìwọ náà gbọ́ pé ó dá lójijì?"

Orin yẹn ò dá. Mo gbọ́ ọ títí ó fi tán. Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu mi fún un, ọ̀rọ̀ tó dáa, irú èyí tí mo lè fi jẹ ayé fún oṣù kan. Mo nu ọwọ́ mi, mo wo ojú rẹ̀.

"Mo gbọ́ ọ," ni mo wí. "Wọ́n gé e."